Fírísà Tí Omi Bà Jẹ́

“Mọ́mì, ìbéèrè keje rèé o. Ǹjẹ́ omi, tàbí ohunkóhun tó jọ omi, kan ọjà yìí láti ìgbà tí ẹ ti gbé e délé?”

“Ó kàn án, ọmọ mi,” ni Ìyá Ìrẹ̀mídé dáhùn, bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ ọmọ rẹ̀. “Omi àdúrà ni. Wòlíì wa ló wọ́n ọn sí i, wọ́n sì ta òróró díẹ̀ sí i lórí. Ta ni yóò gbé ohun tuntun wọlé tí kò ní í gbàdúrà sí i?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́yìn káńtà rẹ́rìn-ín músẹ́. “Òótọ́ ni, Mọ́mì. Àdúrà á gbà.” Ó fi bírò fa ìlà sínú àpótí kékeré kan nínú fọ́ọ̀mù náà, ó yí ìwé padà sọ́dọ̀ ìyá, ó sì tọ́ka síbi tí wọn yóò fọwọ́ sí.

Ká ní ìwé ni Ìrẹ̀mídé ń wò ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má rí bó ṣe padà rí. Ọwọ́ ọkùnrin náà ló ń wò. Ọwọ́ gbọọrọ ni, èékánná rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì ń mú bírò bí ẹni pé bírò náà lè dùn ún. Ohùn rẹ̀ ń wọni létí bí ìyẹ́ adìẹ tí a fi ń ro etí. Wákàtí méjì gbáko ni ìyá àti ọmọ ti fi dúró lórí ìlà ní Ilé Àlùkò yìí, ilé ìtajà alájà mẹ́ta tí wọ́n kùn láwọ̀ àlùkò ní Ring Road. Ọmọge kan ti lé wọn láti ilẹ̀ lọ sókè, ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ kan sì ti lé wọn láti òkè padà sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé iwájú ọkùnrin yìí ni wọ́n tó rí ẹni tó dìde fún wọn, tó gbé àga tirẹ̀ fún ìyá arúgbó, tó ní, “Ẹ jókòó, Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má bínú sí wa.” Akínbíyì ni wọ́n kọ sórí káàdì tó so mọ́ àyà.

Ìyá Ìrẹ̀mídé gbé fọ́ọ̀mù sún mọ́ ojú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé. Ó gbé e sílẹ̀. “Ìrẹ̀, bá mi fi ọwọ́ síbi tó yẹ.”

Ìrẹ̀mídé di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó gbé e lé orí ìlà, ìyá sì kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà.

Ojú ìyá yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ojú ọ̀tún ti lọ láti èṣí. Dókítà ní omi inú ojú ló ń ru, tó ń tẹ iṣan tí ènìyàn fi ń ríran pa díẹ̀díẹ̀; èyí tó bá ti kú kì í jí mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ṣì lè sáré gba ojú òsì sílẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wọn, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Owó ti pé nílẹ̀. Opó ni ìyá, ará Ìkàrẹ́ ni, ọgbọ̀n ọdún ló sì ti fi gbé Agbowó. Ó ti pẹ́ tó ti ń kó owó náà jọ.

Ìrẹ̀mídé ló wá dá àbá. Owó tó sùn kì í bímọ, ló wí. Ó mọ ọbẹ̀ ọ́ sè débi pé àwọn olùkọ́ Yunifásítì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Bódìjà, tí wọn kì í ráàyè dáná, ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa sè é fún àwọn, kó máa dì í sínú ike, kí àwọn máa rà á ní dídì. Ohun tó kù ò ju fírísà lọ. Bí wọ́n bá fi owó ojú ra fírísà lónìí, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tó pé, owó á ti padà sílé, á sì ti fa ọmọ lọ́wọ́. “Ìwọ lo kàwé,” ni ìyá wí. “Mo gbà fún ọ.”

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni fírísà fi ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó hó bí ọkọ̀ àgbàlagbà tó ń gun òkè Mọ́kọ́lá, ó tún dákẹ́ lọ gbári. Ogójì ike ọbẹ̀ ló kan nínú rẹ̀. Òórùn náà mú kí ará ilé kejì kan ilẹ̀kùn béèrè bóyá ewúrẹ́ ló kú sí wọn lẹ́yìnkùlé.

“Mo máa háyà ọkọ̀ gbé e wá lọ́la,” ni Ìrẹ̀mídé sọ fún Akínbíyì lọ́jọ́ káńtà náà.

“Háà, rárá o, Àǹtí. Ẹ má gbé e rárá. Bó bá forí gbá nǹkan lójú ọ̀nà, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjíníà wa wá bá a nílé.” Ó tọ́ka sí pátákó tó wà lórí ògiri. “Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òfin wa. Láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, a máa ń gba ọjà padà, a sì máa ń dá owó padà. Ọjọ́ kẹfà yín rèé. Àyè wà. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín, kí n máa fi tó yín létí. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ìrẹ̀mídé fún un ní nọ́ńbà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó tún balẹ̀ jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ní aago kan géérégé, fóònù dún. “Àǹtí Ìrẹ̀mídé, ẹ kú ọ̀sán o. Akínbíyì ni. Mo ní kí n béèrè àlàáfíà Mọ́mì. Ẹ́ńjíníà ti wà lọ́nà láti Èkó.” Ní ọjọ́ kẹta, aago kan géérégé. “Ẹ kú ọ̀sán o. Ọkọ̀ wọn ló yọnu ní Ògèrè.” Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé, àga wọn kò pọ̀, nítorí náà orí fírísà tó kú náà ni Ìrẹ̀mídé máa ń jókòó sí gba ìpè. Á fi ẹsẹ̀ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, fírísà á sì máa dún kó-kó-kó bí agbè òfìfo.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ọ̀rọ̀ yí padà. “O ti jẹun?” ni ohùn náà wí.

O! Kò ní “ẹ ti jẹun”. Ẹ̀yin tí ẹ ti nífẹ̀ẹ́ rí, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn lára. Láti ẹnu “ẹ” bọ́ sí “o”, afárá kan wà níbẹ̀ tí ọkùnrin ọlọ́wọ̀ kì í sáré gùn; bó bá gùn ún, á jẹ́ pé ó ti rò ó. Ìrẹ̀mídé fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Mi ò tíì jẹun. Ìwọ ńkọ́?” Òun náà gun afárá.

Ìyá rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀gúsí nínú igbá, tó jẹ́ ọwọ́ ló fi ń ṣà á ju ojú lọ, rẹ́rìn-ín. “Ìrẹ̀, ṣé ẹ́ńjíníà ni wọ́n rán sí wa àbí ọkọ?”

“Ẹ̀yin náà, Mọ́mì!”

“Bí wọ́n bá rán méjèèjì pa pọ̀, mi ò ní kọ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjíníà ṣíwájú.”

Ní ọjọ́ Sunday, Akínbíyì dúró dè é ní Challenge lẹ́yìn ìsìn. Ó ra bọ̀ọ̀lì gbígbóná fún un, kó tó nà án sí i, ó fi ìka yọ gbogbo ibi tó jóná kúrò lára rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka. Wọ́n rìn, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín. Ìrẹ̀mídé fẹ́ bi í léèrè nípa ẹ́ńjíníà, ṣùgbọ́n ó rò pé á dà bí ẹni pé tìtorí fírísà ni òun ṣe wá. Ó gbé ìbéèrè náà mì.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló pé ọjọ́ mẹ́rìnlá tí wọ́n ra fírísà.

Ọjọ́ kọkàndínlógún tí wọ́n rà á ni ẹ́ńjíníà dé. Suhail lorúkọ rẹ̀, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, Agodi ló sì ti wá, kì í ṣe Èkó. Kò ki fírísà bọ iná. Kò tú nǹkan kan. Ó yọ ẹ̀dà fọ́ọ̀mù jáde nínú àpò, ó kà á, ó tan iná fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí wo ara fírísà bí ẹni ń wá iná orí. Ó rí i: ìlà òróró tín-ín-rín kan tó ti gbẹ, tó ṣàn láti orí ìdérí gba ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ó yà á ní fọ́tò mẹ́ta.

“Bùrọ̀dá, orí ni wọ́n ta á sí,” ni Ìrẹ̀mídé wí. “Ẹ̀rọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn. Ibi tí ẹ̀rọ wà, ó gbẹ táútáú. Ẹ fọwọ́ kàn án.”

Suhail kò fọwọ́ kàn án. Kò sì wo ojú rẹ̀. “Àǹtí, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́. Wọ́n ní kí n wá wá omi.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù láti Ilé Àlùkò. Wọ́n ní àwọn kò lè gba ọjà náà, àwọn kò sì lè dá owó padà, nítorí pé omi ti wọ inú rẹ̀, oníbàárà fúnra rẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Yàtọ̀ sí èyí, ọjọ́ mẹ́rìnlá ti kọjá.

Ìrẹ̀mídé pe Akínbíyì. Ó dún, kò gbé e. Aago kan ọ̀sán ọjọ́ kejì kọjá, fóònù kò dún.

Nígbà tó dé Ilé Àlùkò, ó bá a lẹ́yìn káńtà, mánìjà dúró tì í. Alhaja Nimotallahi ni wọ́n ń pe mánìjà náà, obìnrin arẹwà kan tó fi ìbòrí ṣílíkì wé orí, tí ohùn rẹ̀ kì í ga rárá. Ó tẹ́tí sí gbogbo ọ̀rọ̀ Ìrẹ̀mídé títí ó fi tán.

“Ẹ pẹ̀lẹ́,” ló wí. “Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n omi kàn án.”

“Fírísà ni, Alhaja! Omi ni wọ́n ṣe é fún! Ṣé omi tí wọ́n ń dì nínú rẹ̀ ló bà á jẹ́?”

Ọkùnrin kan lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. “Ẹja tí omi pa!” ló kígbe. “Ẹ ò rí nǹkan!” Obìnrin kan tó gbé irin ìlọṣọ lọ́wọ́, tó ní ó ti di ìgbà kẹrin tí òun ń gbé e wá, ní, “Tèmi, wọ́n ní iná NEPA ló bà á jẹ́. Irin ìlọṣọ! Kí ni kí n máa fi sí i, ṣé kí n máa fún un ní ẹ̀kọ mu?” Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó kúrò lórí ìlà.

Alhaja kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó kọjú sí Akínbíyì. “Ẹ bá wọn ṣàlàyé.”

Akínbíyì gbé fọ́ọ̀mù sí iwájú Ìrẹ̀mídé. Ọwọ́ gbọọrọ náà, èékánná mímọ́ náà. Ó wo ìwé, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ wo ìbéèrè keje. Ẹ wo ibi tí wọ́n fọwọ́ sí.”

*Ẹ jọ̀ọ́ mà.* Ọ̀rọ̀ fírísà dùn ún, ṣùgbọ́n “ẹ” yẹn ni ó gún un. Ọkùnrin tó fi ìka yọ ibi tó jóná lára bọ̀ọ̀lì fún un níjọ́sí ti sáré padà gba orí afárá, ó sì ti fa afárá náà yọ.

Kò sunkún níbẹ̀. Ó lọ dúró sí ẹnu géètì ẹ̀yìn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà jáde, títí aago mẹ́fà fi lù. Nígbà tí Akínbíyì yọ, tó rí i, ó fẹ́ yí padà, ó dúró.

“Ìrẹ̀mídé.”

“Ṣé èmi lò ń pè bẹ́ẹ̀? Mo rò pé ‘mà’ ni.”

“Ọ̀gá mi ló dúró tì mí yẹn. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?”

“O mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rìnlá ń lọ. Ìwọ lo ní kí n má gbé e wá.”

Ó wo ilẹ̀. Ọkọ̀ ń kọjá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń jáde ní méjì-méjì, wọ́n ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹnu géètì dá, ó sọ̀rọ̀. Ó ní ọjà tí wọ́n bá gbà padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ara owó oṣù àwọn tó wà ní káńtà ni wọ́n ti ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ìdajì owó rẹ̀ ló gbé relé. Ó ní wọ́n máa ń kọ́ àwọn: má ṣe bá oníbàárà jà, má sọ pé rárá. Pè é lójoojúmọ́. Béèrè àlàáfíà. Oníbàárà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ kì í ka ọjọ́.

“Aago kan,” ni Ìrẹ̀mídé wí.

“Aago kan ni wọ́n ń fún wa ní káàdì ìpè.”

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù fún Ìrẹ̀mídé, ìbéèrè tí ọmọbìnrin tó bá ní ìgbéraga kì í bèèrè. Ó bi í. “‘O ti jẹun?’ Ṣé ìyẹn náà wà nínú ohun tí wọ́n kọ́ yín?”

“Rárá.” Ojú rẹ̀ pọ́n. “Mo fi Ọlọ́run búra, Ìrẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà kì í ṣe iṣẹ́ mọ́.”

“Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń lọ.”

Akínbíyì ní ọ̀nà kan ṣì wà. Bí Mọ́mì bá lè kọ ìwé, kí wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ìbéèrè keje yé, kí wọ́n ní omi kankan kò kan fírísà rí, òun á fà á lé Alhaja lọ́wọ́ fúnra òun. Ẹni tí ojú ń dùn, wọ́n lè gbà pé ó ṣèèṣì fọwọ́ sí i.

Ìrẹ̀mídé gbé àbá náà délé. Ó ti kọ ìwé náà tán pàápàá. Ó kù kí ìyá fọwọ́ sí i. Ìyá ní kó kà á sí òun létí. Ó kà á.

“Omi kankan kò kàn án rí?” ni ìyá tún un sọ. “Àdúrà tí wọ́n gbà sí i ńkọ́? Kí n sẹ́ ẹ?”

“Mọ́mì, ojú yín ni. Ẹ ro ojú yín.”

“Mo ń rò ó. Òun náà ni mo ń bẹ Ọlọ́run sí lójoojúmọ́. Ṣé ẹnu tí mo fi sọ pé wọn kò gbàdúrà ni n ó tún fi gbàdúrà?” Ó na ọwọ́ wá bírò, ó kọ́kọ́ tàsé rẹ̀, kó tó rí i mú. “Kọ òmíràn. Kọ ọ́ pé omi kàn án, pé òróró kàn án. Kọ ọ́ pé fírísà wọn kò dára, kí wọ́n fún mi ní owó ojú mi. Òótọ́ ni méjèèjì.”

Ìrẹ̀mídé kọ òmíràn. Ìyá fọwọ́ sí i. Ní Ilé Àlùkò, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn pé àwọn ti gbà á, wọ́n sì gbé e lé orí òkìtì ìwé mìíràn tó ga tó ìgbọ̀nwọ́. Ìrẹ̀mídé padà lọ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹlòmíràn ló wà ní káńtà Akínbíyì, ọ̀dọ́mọkùnrin tuntun kan tó dìde fún un, tó gbé àga fún un, tó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí, ẹ má bínú sí wa. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín.”

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án pé, ó kọjá. Nọ́ọ̀sì pa orúkọ ìyá rẹ́ lórí ìwé, ó ní kí wọ́n padà wá nígbà tí owó bá pé. Ìrẹ̀mídé ta fírísà fún àwọn tó ń ra alòkù ní Mọ́kọ́lá. Owó rẹ̀ kò tó ra ẹ̀kán oògùn ojú fún oṣù méjì. Ó ń fọṣọ fún àwọn ará Bódìjà tó ń bẹ̀ ẹ́ lọ́bẹ̀ níjọ́sí. Oògùn ojú tán, wọ́n rà á, ó tún tán, wọ́n ní kí ó di oṣù tó ń bọ̀. Ìyá kò ráhùn. Ohun tó yí padà kò pọ̀: bí ènìyàn bá wọlé láìsọ̀rọ̀, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ní “ẹ káàbọ̀”. Ó sì ti ń ṣẹ̀rín púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín sí ògiri.

Ó di oṣù karùn-ún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó rí owó yá, tí wọ́n padà sí ilé ìwòsàn. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Fóònù Ìrẹ̀mídé gbọ̀n nínú àpò: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ti wọlé sínú àpò ìfowópamọ́ rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ Akínbíyì. *Fún ojú Mọ́mì,* ló kọ síbẹ̀. *Mo ti kúrò níbẹ̀. Jọ̀ọ́, gbé fóònù.* Ó ń wo ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pe orúkọ ìyá rẹ̀.

Ó di ìyá lápá mú wọlé. Dókítà ọ̀dọ́ kan ni, ọlọ́yàyà ni. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ìyá títí orúnkún wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, ó gbé ọwọ́ síwájú ojú òsì, ó na ìka mẹ́ta.

“Mọ́mì, ìka mélòó nìyí?”

Ìyá Ìrẹ̀mídé tún gèlè orí rẹ̀ ṣe, ó jókòó dáadáa, ó gbé ojú sókè pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ń dúró. Dókítà kò gbé ọwọ́ sílẹ̀.

“Mo ti ṣe tán, Dókítà,” ni ìyá wí. “Ẹ na ọwọ́ yín sókè.”